Ìrántí Baba Ológun Kan: Isaac Fadoyebo tí ó Ti Ogun Bọ́má Bọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dàbí ẹni pé ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí ni ó wá sí ọkàn wa nígbà tí a mú kálàmù láti kọ̀wé ìrántí baba kan, ẹni tí ó gbé ọpẹ́ sí àyà rẹ̀ fún ọdún 67, tí kò sì gbà kí ikú mú òun lọ kí ọpẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Baba náà ni olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, sójà Ogun Hítílà, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ọkọ àti baba rere, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2012 ní ẹni ọdún 86.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú wa kọ ọ́.

Ní ìgbà èwe wa ní Ṣómólú, ní apá Bájúláyé, baba arúgbó kan wà tí ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tiwa. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n sí Baba Bọ́má. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọjú, yóò gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, yóò wọ ṣòkòtò kakí péńpé tí a lọ̀ tí ó gún régé, yóò sì máa kí gbogbo ẹni tí ń kọjá, àgbà àti èwe. A kò rí i kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, bàtà rẹ̀ a sì máa dán bí dígí. Àwa ọmọdé a máa rọ̀gbà yí i ká, a ó sì bi í pé, "Baba, ṣé ẹ pa ènìyàn ní ojú ogun?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò bu ẹ̀pà sí wa lọ́wọ́, yóò sì wí pé, "Ẹ lọ ka ìwé yín, ẹ̀yin ọmọ mi." Ìyẹn ni gbogbo ìtàn ogun tí a rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ rí àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ ibi tí baba wọn ti gba wọ́n, tàbí ohun tí ó ṣe tí a fi fún un. Wọ́n gbé agolo náà sí orí pósí, wọ́n sọkún, wọ́n sì sin baba wọn pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ nínú.

Àwa pẹ̀lú sọkún ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wà nínú ẹkún tiwa. Ọdún méjìlá ni a fi jẹ ẹ̀pà baba yìí, a kò sì padà lọ bi í ní ìbéèrè nígbà tí a dàgbà tó ẹni tí ó lè dá lóhùn. Ohun tí Baba Bọ́má ti Ṣómólú kò sọ, Baba Fadoyebo sọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni ìrántí rẹ̀ ṣe jẹ́ ìrántí gbogbo wọn.

A bí Isaac Fadoyebo ní ọdún 1925 ní Ẹ̀múrè-Ilé, ìlú kékeré kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Oǹdó lónìí. Ó lọ sí ilé-ìwé ní àkókò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí oko. Ní ọdún 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Kò sí ẹni tí ó fi okùn fà á, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Òun tìkára rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ nígbà tí ó dàgbà pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń gun òun. Ọmọdé kò mọ ogun. Aṣọ kakí àti bàtà rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ní ọdún 1942 yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jàpáánì gba ilẹ̀ Bọ́má lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì dé ẹnu ibodè Íńdíà. Ilẹ̀ òkè àti igbó dídí ni ibẹ̀. Òjò ibẹ̀ kò mọ ìwọ̀n, ibà àti eṣúṣú sì ń bá ènìyàn jà bí ọ̀tá ti ń bá a jà. Àwọn ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì wí pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti mọ igbó, tí ó sì lè ru ẹrù sórí rin ọ̀nà jíjìn, ni ó yẹ irú ogun bẹ́ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kó nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Éṣíà, láti Nàìjíríà, láti Gold Coast tí ó di Gánà, láti Sàró àti láti Gáḿbíà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Sàró ni wọ́n kọ́kọ́ rán Isaac lọ, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn oníwòsàn tí ń gba àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ojú ogun, tí wọ́n ń tọ́jú wọn kí a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ẹ̀yìn. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin òǹkàwé: kì í ṣe láti gba ẹ̀mí ni a ṣe rán ọmọ yìí lọ sí ogun, bí kò ṣe láti di ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀mí má bàa bọ́. Ní ọdún 1943 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kọjá òkun lọ sí Íńdíà.

Abẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ni wọ́n wà, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ aláǹtakùn dúdú, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, bí ìjàpá ti jẹ́ nínú àlọ́ tiwa. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà ọkọ̀ kan láàárín àwọn òkè, gígùn rẹ̀ lé ní máìlì 70, kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì odò Kaladan ní ilẹ̀ Arakan. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́. Orí ni wọ́n fi ń ru ọta àti oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ fún wọn láti ojú sánmọ̀. Àwọn baba wa tí a ń rí tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn ní Ṣómólú àti Bárígà, ohun tí ọrùn wọn rí nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ẹgbẹ́ àwọn oníwòsàn yìí wà ní etí odò Kaladan, ní ibi kan tí à ń pè ní Nyron. Lójijì ni ìbọn àwọn ará Jàpáánì dún láti inú igbó. Àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn kò ní agbára láti dáhùn irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú lójú ẹsẹ̀, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Ìbọn ba Isaac ní ẹsẹ̀, ó fọ́ eegun itan rẹ̀. Ìbọn mìíràn bà á ní ikùn. Kò lè dìde. Àwọn ọ̀tá rí i bí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó máa kú lọ. Ní ọ̀nà díẹ̀ sí i ni ọmọ Sàró kan wà, David Kargbo ni orúkọ rẹ̀, òun pẹ̀lú fara gbọgbẹ́ ṣùgbọ́n ó lè rìn. Kargbo lè sá lọ fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ì bá dá a lẹ́bi. Kò lọ. Ó jókòó ti ọmọ Yorùbá yìí nínú igbó àjèjì.

Ìdin wọ ojú ọgbẹ́, ebi pa wọ́n, òjò sì pa wọ́n. Àwọn ará abúlé a máa yọjú wò wọ́n. Òmíràn a fún wọn ní ìrẹsì díẹ̀, òmíràn a kó ohun tí ó kù lára wọn lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi wọ́n sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan wà ní ibẹ̀, Mùsùlùmí ni, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò mọ Ẹ̀múrè-Ilé, kò mọ Sàró, kò sì gbọ́ èdè wọn. Ó kàn rí ọmọ ènìyàn méjì tí ń kú lọ, àánú wọn sì ṣe é. Ó gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tí ó sì yá, ó gbé wọn wọ inú ilé òun tìkára rẹ̀, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jàpáánì wà ní gbogbo àyíká. Bí ẹnì kan bá lọ tú àṣírí náà fún wọn, kì í ṣe Isaac àti Kargbo nìkan ni wọn ì bá pa. Shuyiman àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ì bá bá wọn lọ. Ta ni nínú wa, ní Ṣómólú tàbí ní Bárígà, tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tí ó lè mú ikú wọlé? Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí kí ọkàn àwọn ará abúlé lè balẹ̀ sí wọn, wọ́n sì ń bá wọn kírun bí wọ́n ti lè ṣe é. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà báyìí, tí ẹrù náà wà lọ́rùn onílé, tí kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà wá sí àfonífojì náà, àwọn sójà Gurkha ni ó sì bá àwọn méjèèjì níbẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ya wọ́n nípa pẹ̀lú Shuyiman ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, Isaac kò sì tún fi ojú kan olóore rẹ̀ mọ́ láé.

Nígbà tí ó padà dé Nàìjíríà ní ọdún 1945, àwọn ará ilé ti rò pé ó ti kú. Ìwé ti dé ilé pé a kò rí i mọ́. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá tí ó ń sunkún ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà sì tún yọ ní ẹnu ọ̀nà, yóò mọ bí ọjọ́ náà ti rí ní Ẹ̀múrè-Ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò dáradára. Ó ń tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé àìkú ni ìpilẹ̀ ọrọ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni Ìgbóbì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa yìí di ilé ìwòsàn eegun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù ní Bárígà lọ síbẹ̀ lónìí ni kò mọ̀ pé àwọn sójà tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Hítílà ni a tìtorí wọn dá ibẹ̀ sílẹ̀, ní ọdún 1945. Bí a bá to eegun ọmọ wa ní Ìgbóbì, kí a rántí pé ẹsẹ̀ àwọn baba wọ̀nyí ni a fi ra ilé náà.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni a ti rántí wọn bẹ́ẹ̀. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tí ó ti Bọ́má dé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti mú ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá Gómìnà nítorí owó tí a ṣèlérí fún wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta nínú wọn sì kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ẹni tí ìbọn Jàpáánì kò pa, ìbọn ìjọba tí ó jà fún ni ó pa á. Ìbínú ọjọ́ náà wà nínú ohun tí ó mú Gold Coast gba òmìnira ní ọdún 1957.

Isaac Fadoyebo kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ títiro náà lọ sí ibi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó gbé ìyàwó, ó bí ọmọ, ó sì rí ọmọ-ọmọ. Èyí pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́ akọni, bí ó tilẹ̀ ṣe pé a kì í fi àmì-ẹ̀yẹ fún ni nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ogun kò pa ṣùgbọ́n tí ogun kò jáde kúrò nínú wọn, tí ilé wọn kò sì rójú. Ẹni tí ó rí irú ohun tí Isaac rí ní ọmọ ọdún 18, tí ó sì wá di baba tí ọmọ ń sáré pàdé ní ẹnu ọ̀nà, ó ti ja ogun kejì, ó sì ti ṣẹ́gun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó jókòó, ó sì kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò. Ìwé náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ títí àwọn oníròyìn BBC fi gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ja ogun náà. Ní ọdún 1999, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Killingray ni ó ṣe ètò rẹ̀. Orúkọ ìwé náà ni A Stroke of Unbelievable Luck. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tí a kọ nípa Ogun Bọ́má, àwọn ọ̀gá ogun òyìnbó ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó fúnra wọn kọ tiwọn kò tó nǹkan rárá.

Ìwé yìí ni oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, kà tí ó fi wá Baba kàn ní Nàìjíríà. Baba ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà ọpẹ́, ó sì fi rán Phillips sí ilé Shuyiman. Ní ọdún 2011 Phillips dé àfonífojì Kaladan, ó ń bèèrè láti abúlé dé abúlé. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n sì rántí àwọn àlejò dúdú méjì tí baba wọn fi pamọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà fún wọn. Phillips sì mú àwòrán wọn padà wá fi han Baba ní Nàìjíríà. Ọdún 67 lẹ́yìn tí a ṣe oore náà, ọpẹ́ rẹ̀ dé ilé. Oore kì í gbé. Ilé iṣẹ́ Al Jazeera fi ìrìn àjò náà han gbogbo ayé ní ọdún 2011 kan náà, Phillips sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 2014. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ọpẹ́ náà dé, Baba Fadoyebo sùn, kò sì jí mọ́. Bí ẹni tí ó ti san gbèsè tán ni ó lọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè ṣàì sọ. Àwọn ènìyàn Shuyiman ni ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ìjọba ilẹ̀ Bọ́má, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Myanmar, ṣe òfin ní ọdún 1982 tí ó sọ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn di aláìní-ìlú ní ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun sun abúlé wọn níná, àwọn tí ó sì sá lọ sí Bangladesh lé ní 700,000. Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn, kí a má ṣe wí pé ọ̀ràn wọn kò kàn wá. Àwọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ wa nígbà tí ilẹ̀kùn gbogbo tì mọ́ ọn. Bí a kò tilẹ̀ ní ohun tí a lè fún wọn, a ní àdúrà, a sì ní ẹnu tí a lè fi sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bárígà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ wa kù sí. Àwọn tí ó ja Ogun Hítílà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé láti 1967 títí dé 1970 ṣì ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn tí ó lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Láìbéríà àti Sàró náà sì ti ń hewú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ìjọba a máa tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọn a sì fọn fèrè fún ìrántí wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrè kò lè bi arúgbó ní ìbéèrè. Ọmọ rẹ̀ ni ó lè bi í, tàbí ọmọ aládùúgbò tí ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti sọ ní ọjọ́ kìíní, ẹ padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí àdúgbò tí ó yẹ kí ó rọrùn fún ju tiwa lọ, nítorí gbogbo Èkó ni ó mọ̀ pé Ṣómólú ni ilé àwọn òǹtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú láti àárọ̀ di alẹ́ lè tẹ ìtàn baba kan kí a tó wá tẹ ètò ìsìnkú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Baba Fadoyebo fi kọ ìwé tirẹ̀. Inú wa yóò dùn ní ọjọ́ tí ọmọ ilé-ìwé kan ní Bárígà bá lè kà á ní èdè tí ìyá Isaac fi pè é ní Ẹ̀múrè-Ilé kí ó tó lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Isaac Fadoyebo sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì tẹ́ Shuyiman, ẹni tí ó gba àlejò, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó rántí David Kargbo pẹ̀lú, ẹni tí ó lè lọ tí kò lọ. Àti Baba Bọ́má tiwa ní Bájúláyé, tí a kò bi í ní ìbéèrè, kí ó dárí jì wá. Ó dìgbóṣe o, ẹ̀yin baba.